Kẹ̀kẹ́ Ògbólógbòó àti Ọwọ́ Tí Ń Tún Un Ṣe

Bí a bá wọ agboolé púpọ̀ ní ilẹ̀ wa, tí a sì yọjú sí ẹ̀yìnkùlé, kì í pẹ́ kí a tó rí kẹ̀kẹ́ ológeere kan tí a gbé ti ara ògiri. Táyà rẹ̀ ti rọ̀ mọ́lẹ̀, ìpẹtà ti bo ṣéènì rẹ̀, adìẹ sì ti sọ ìjókòó rẹ̀ di ibùsùn. Bí a bá béèrè ohun tí ó ṣe é, ìdáhùn kan náà ni a óò gbọ́: "Ó ti gbó." Àwa kò jiyàn pé ohun gbogbo a máa gbó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tí a fi ẹ̀sùn ogbó kàn ni kò gbó rárá, àìtọ́jú ni ó pa wọ́n. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, a fẹ́ fi ìtàn hàn pé kì í ṣe ọjọ́ tí a dá kẹ̀kẹ́ ni ó di ohun ìní mẹ̀kúnnù, bí kò ṣe ọjọ́ tí ó ṣeé tú palẹ̀, tí ó sì ṣeé tún ṣe pẹ̀lú irinṣẹ́ díẹ̀ àti owó kékeré.

Ní ọdún 1817, ní ìlú Mannheim ní ilẹ̀ Jámánì, ọkùnrin ọlọ́lá kan tí à ń pè ní Karl von Drais gun ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan jáde. Igi ni ó fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Kò ní pẹ́dà, kò ní ṣéènì. Ẹni tí ó bá gùn ún a máa fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ bí ẹni tí ń sáré. Lẹ́yìn ọdún 1860, àwọn ará Faransé fi pẹ́dà sí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ẹsẹ̀ iwájú náà di gìrìwò kí ó lè yára, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó gùn ún ń jókòó sókè réré. Bí òkúta bá sì dá a dúró lójijì, orí ni ó fi ń balẹ̀. Ohun ìṣeré àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin olówó ni. Kì í ṣe ohun tí olùkọ́ tàbí àgbẹ̀ lè gbé ẹrù lé.

Ní ọdún 1885 ni John Kemp Starley, ará Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé kẹ̀kẹ́ kan jáde tí ó pè ní Rover. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣéènì sì ni ó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá rí i lónìí yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé kẹ̀kẹ́ ni, nítorí pé àpẹẹrẹ náà kò tíì yí padà púpọ̀. Ìdí nìyí tí kẹ̀kẹ́ tí bàbá ẹni gùn fi lè rí ẹ̀yà ara titun lọ́jà títí di òní.

Síbẹ̀, rọ́bà líle ni ó wà lára ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ nígbà náà, ó sì ń gbo ara jìnnìjìnnì. Ní 1888, John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹran ní Belfast, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí táyà tí a fẹ́ atẹ́gùn sí, èyí tí ó kọ́kọ́ ṣe fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a wá rí i pé Robert William Thomson ti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní 1845, ṣùgbọ́n ní ìgbà tirẹ̀ ayé kò tíì ní kẹ̀kẹ́ tí yóò lò ó. Táyà Dunlop tu ìdí lára, ṣùgbọ́n ó ni ọwọ́ lára: lílẹ̀ ni a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ pinpin. Nígbà tí a gbé irú táyà bẹ́ẹ̀ tí ó ti jò wá sí ilé iṣẹ́ àwọn Michelin ní Clermont-Ferrand, ní ilẹ̀ Faransé, ní 1889, wákàtí mélòó kan ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí gọ́ọ̀mù lè gbẹ. Ìnira yìí ni ó mú wọn ronú. Ní 1891 wọ́n ti ṣe táyà tí a lè yọ kí a sì dá padà. Ní ọdún náà Charles Terront fi í gun kẹ̀kẹ́ láti Paris lọ sí Brest àti padà, nǹkan bíi 1,200 kìlómítà, kò sì tó wákàtí 72 tí ó fi dé. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe atẹ́gùn nìkan ni ó sọ táyà di ti gbogbo ènìyàn, bí kò ṣe pé ẹni tí táyà jò mọ́ lọ́wọ́ lè tún un ṣe lẹ́bàá ọ̀nà kí ó sì máa lọ.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Kí a yọ ẹ̀gbẹ́ kan táyà kúrò lára rímù, kí a fa tíúbù jáde, kí a fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí a sì rì í bọ inú omi. Ibi tí omi bá ti ń hó ni ihò wà. Kí a nù ún gbẹ, kí a fi bébà tí káfíńtà fi ń ha pákó ha á, kí a fi gọ́ọ̀mù pa á, kí a sì dúró títí gọ́ọ̀mù náà kò fi ní tutù mọ́ kí a tó tẹ ègé rọ́bà lé e. Ibi sùúrù yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà. Kí a tó dá tíúbù padà, kí a fi ìka wá inú táyà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí ẹ̀gún àná lè wà níbẹ̀ síbẹ̀, kí ó máa dúró de tọ̀la.

Rọ́bà tí ayé ń wá kiri nígbà náà, tí táyà kẹ̀kẹ́ sì wà lára ohun tí ó fà á, kò yọ ilẹ̀ wa sílẹ̀. Láàárín ọdún 1890 sí 1900, àwọn ènìyàn wọ inú igbó ilẹ̀ Yorùbá lọ gba oje igi rọ́bà tí ó hù fúnra rẹ̀, a sì ń kó o lọ sí òkè òkun láti èbúté Èkó. Owó wọlé. Ṣùgbọ́n wọ́n dá igi náà lọ́gbẹ́ kọjá ààlà. Láàárín ọdún díẹ̀ púpọ̀ nínú wọn kú, òwò náà sì lọ sílẹ̀. Ní 1942 ẹ̀wẹ̀, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Japan gba Malaya, ibi tí púpọ̀ nínú rọ́bà ayé ti ń wá. Ní ilẹ̀ Hólàndì, tí Jámánì ti gbà, àwọn tí kò rí táyà rà fi igi tàbí ègé rọ́bà tí a fi ń bomi rin ọgbà sí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wọn. Ohun tí à ń sọ nù lọ́jọ́ ọ̀pọ̀, òun ni à ń wá kiri lọ́jọ́ ọ̀wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti ṣéènì. Ní 1880, ní Manchester, Hans Renold gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ṣéènì tí a ń lò lára kẹ̀kẹ́ títí di òní. Láti orí ìṣó kékeré kan sí èkejì lára rẹ̀ jẹ́ ìdajì íǹṣì. Nítorí náà, bí a bá ka ààyè 24, íǹṣì 12 gééré ni yóò jẹ́, èyí tí í ṣe gígùn rúlà tí ó wà nínú àpò ọmọ ilé ìwé. Bí ṣéènì ti ń pẹ́, irin a máa jẹ irin, gígùn rẹ̀ a sì máa pọ̀ sí i. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Bí ó bá fi 1/16 íǹṣì kọjá orí rúlà, àkókò tó láti ra òmíràn. Bí ó bá fi 1/8 íǹṣì kọjá, ó ti ba eyín irin tí ó ń yí jẹ́ ná.

Àwa fúnra wa kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú owó. A fi ọdún púpọ̀ gun kẹ̀kẹ́ láì wọn ṣéènì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí a ra titun, a rò pé wàhálà ti tán. Ṣùgbọ́n bí a ti ń gun òkè, ṣéènì titun náà ń fò lórí eyín tí ó ti jẹ, a sì níláti ra irin eléyín náà pẹ̀lú. Owó kékeré tí a kò ná lásìkò ni ó bí owó ńlá. Bẹ́ẹ̀ ni àkísà àti ẹ̀kán epo ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ì bá ti pẹ́ ọjọ́ ṣéènì náà. Kí a nu epo tí ó bá ṣẹ́ kù sí òde kúrò, nítorí iyanrìn fẹ́ràn epo.

A kò lè sọ ìtàn àtúnṣe kẹ̀kẹ́ kí a má dárúkọ Eugène Christophe. Ní 1913, nínú ìdíje Tour de France, bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Tourmalet, fọ́ọ̀kì, irin ẹlẹ́ka méjì tí ó di ẹsẹ̀ iwájú mú, ṣẹ́. Òfin ìdíje ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́. Ó gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, ó fi ẹsẹ̀ rin ju kìlómítà 10 lọ dé abúlé Sainte-Marie-de-Campan, ó sì wọ ilé àgbẹ̀dẹ lọ. Níbẹ̀ ni ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó irin náà pọ̀, lójú àwọn alábòójútó ìdíje. Wọ́n tilẹ̀ bù ú ní ìyà nítorí pé ọmọkùnrin kan bá a fín ẹwìrì. Ipò àkọ́kọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gun kẹ̀kẹ́ náà dé Paris. Orúkọ rẹ̀ kò parẹ́ di òní.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣi ìtàn náà lò. Christophe ti kọ́ṣẹ́ irin kí ó tó di eléré ìdíje. Bí fọ́ọ̀kì tàbí egungun kẹ̀kẹ́ wa bá sán, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, tàbí kí a wá òmíràn láti ara kẹ̀kẹ́ tí ó ti kú. Bí owó kò bá tó, bíréèkì, fọ́ọ̀kì àti táyà ni àkọ́kọ́, nítorí ẹ̀mí ni ó wà lọ́wọ́ wọn. Ṣéènì ni ó tẹ̀lé e. Ọ̀dà dídán ni ìkẹyìn. Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí a tú u, kí a fi kẹrosíìnì fọ àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké inú rẹ̀, kí a sì fi gíríìsì titun sí i. Kí a tó ra táyà, kí a ka nọ́ńbà ara ti àtijọ́. Táyà méjì lè jẹ́ 26 kí wọ́n má sì gba ipò ara wọn: 26 × 1⅜ ń gba rímù 590, ṣùgbọ́n ti kẹ̀kẹ́ olókè ń gba 559, 28 × 1½ ti àwọn kẹ̀kẹ́ gíga ìgbàanì ń gba 635.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mú rúlà wọn jáde lọ́jọ́ kan, kí wọ́n sì fi wọn ṣéènì. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kí a padà sí ẹ̀yìnkùlé. Kí a lé adìẹ kúrò lórí ìjókòó náà. Kí a gbé omi sínú abọ́. Kí a sì wò ó bóyá ogbó ni ó pa kẹ̀kẹ́ yìí ní tòótọ́, tàbí ihò kan tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ.