Àṣẹ́kù
Nínú ìṣirò pínpín, àṣẹ́kù ni iye tí ó bá ṣẹ́ kù nígbà tí a bá pín odidi nọ́ńbà sí ọ̀nà tí ó dọ́gba, tí kò sì tó pín yípo mọ́. Bí a bá fi 4 pín 30, 7 ni èsì, 2 sì ni àṣẹ́kù, ṣùgbọ́n ìbéèrè ni yóò sọ ohun tí a ó fi 2 náà ṣe (ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà): bí èrò 30 bá fẹ́ wọ takisí tí ń gba ènìyàn 4, takisí 8 ni wọn yóò nílò, nígbà tí ẹni tí ń di ọsàn 30 ní mẹ́rin-mẹ́rin yóò rí ìdì 7 péré.