AI Nínú Òwò Kéékèèké ní Ìkẹjà àti Agége: Ohun Tó Yẹ Kí Oníṣòwò Mùsùlùmí Mọ̀

Láti àwọn ọdún 1950, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà, ni ẹ̀rọ ti ń ṣe iṣẹ́ agbára ní àdúgbò náà. Èyí tó dé báyìí yàtọ̀: iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe. Òun ni wọ́n ń pè ní AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá.

Kí ni AI?

Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé, àwòrán àti ohùn kọ́ ni, títí tó fi lè dáhùn ìbéèrè, kọ lẹ́tà, tàbí ya àwòrán. ChatGPT, tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Meta kéde pé tàwọn ti dé Nàìjíríà, ó sì wà nínú WhatsApp. Ẹni tó ra fóònù ní Òtígbà lè lò ó láì san ju owó dátà lọ.

Ìwúlò rẹ̀

Oníbúrẹ́dì ní Agége lè bi í pé àpò ìyẹ̀fun mélòó ni yóò tó fún búrẹ́dì 200 sí i lójúmọ́. Télọ̀ lè ní kó bá òun kọ ìpolówó. Ẹni tó ń ra ẹrù láti Ṣáínà lè ní kó túmọ̀ lẹ́tà. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká owó oṣù akọ̀wé ló ràn lọ́wọ́ jù.

N-ATLAS, tí Mínísítà Bọ̀sún Tìjání kéde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, wà fún Yorùbá, Haúsá, Ígbò àti Gẹ̀ẹ́sì bí àwa ṣe ń sọ ọ́. Síbẹ̀, kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa kọ́kọ́ ka ohun tí ẹ̀rọ bá kọ. Owó kì í ṣe òwò.

Ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún

Òtítọ́: Ọ̀rọ̀ tó jọ pé ó yẹ kó tẹ̀lé èyí tó ṣáájú ni AI ń tò, nítorí náà ó lè fi ìdánilójú sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá kọ ọ́ pé epo yín kò lábùlà, tó sì lábùlà, ẹ̀yin lẹ parọ́. Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀, ó sì bi olówò náà pé kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Àwòrán tí AI mú dán ju ọjà gan-an lọ, gbígbé èyí tó gbẹ sókè náà ni.

Àṣírí oníbàárà: Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti gbèsè wọn, àmánà ni. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023 náà dáàbò bò wọ́n. Ẹ má kó wọn fún AI.

Ohùn ayédèrú: AI lè sín ohùn ọmọ yín jẹ tàbí ti oníbàárà. Bí wọ́n bá pè yín fún owó, ẹ pè é padà sórí nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Āyah kẹfà nínú Sūratul-Hujurāt ti pàṣẹ pé ká wádìí ìròyìn.

Gbèsè: Āyah 282 nínú Sūratul-Baqọrah ní ká kọ gbèsè sílẹ̀, ká sì wá ẹlẹ́rìí. AI lè bá yín kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́rìí. Ènìyàn ni kí ẹ pè sí i.