Ta Ni Ogun Ṣe Láǹfààní Nínú Òkun?

Bí ogun bá lé apẹja kúrò lójú òkun, ẹja wo ni yóò pọ̀ sí i? Ìwé ọjà ẹja Fiume, létí òkun Adriatic, ní ìdáhùn. Ní 1914, nínú ọgọ́rùn-ún ẹja tí wọ́n pa wá síbẹ̀, 11.9 ni apẹjajẹ, irú ṣáàkì. Ní 1918, ó ti di 36.4. Nígbà tí àwọn apẹja padà sẹ́nu iṣẹ́, ó rọlẹ̀ sí 10.7 ní 1923.

Umberto D'Ancona gbé ọ̀rọ̀ yìí tọ Vito Volterra lọ, onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì tó padà di àna rẹ̀. Volterra tẹ ìdáhùn rẹ̀ jáde ní 1926. Alfred Lotka ti kọ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣáájú. Ìṣirò náà kò le: ẹja kéékèèké ń bí sí i, ṣùgbọ́n bó ṣe ń pàdé apẹjajẹ ló ń dín kù; ebi ń pa apẹjajẹ, ṣùgbọ́n ìpàdé yẹn kan náà ló ń mú un pọ̀.

Àbájáde rẹ̀ ni pé bí a bá ń pa àwọn méjèèjì níwọ̀nba, èyí tí wọ́n ń jẹ ló ń jèrè. Nítorí náà, oògùn tó pa kòkòrò oko pọ̀ mọ́ ọ̀tá rẹ̀ lè sọ kòkòrò náà di púpọ̀. Kí a tó fín oògùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè: ta ló ń jẹ ta?