Ọ̀rọ̀ Ìwà àti Ọ̀rọ̀ Ìgbà: Ìtàn Àìsàn Kan tí Ó Ń Ṣáájú Nǹkan Oṣù

Ó ṣeé ṣe kí ẹ máa ṣe kàyéfì pé kí ni ó kan ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ nínú àìsàn tí ó jẹ́ ti oníṣègùn. Ìdáhùn mi kò gùn. Kí oníṣègùn tó rí àìsàn yìí, ọ̀rọ̀ ni ó ti bò ó mọ́lẹ̀; ọ̀rọ̀ sì ni iṣẹ́ tèmi.

Ìjòkó ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀ lójú mi. Ẹni tí ó bá mọ agbègbè Ọ̀tà mọ̀ pé ojú irin tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó ní 1896, tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, ibẹ̀ ni ó gbà kọjá. Lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní Ọ̀tà àti Ṣàngó, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń wá ilé gbé ní Ìjòkó nítorí pé owó ilé ibẹ̀ kò ga tó ti Èkó. Ọmọ àbúrò ìyá mi kan wà lára wọn. Òṣìṣẹ́ kásúà ni ní ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, nídìí ẹ̀rọ tí ń di ọjà sínú páálí. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni a mọ̀ ọ́n sí nínú ẹbí. Ṣùgbọ́n lóṣooṣù, fún bí ọjọ́ mẹ́fà tàbí méje, ó ń di ẹlòmíràn: kò ní rí oorun sùn, ẹkún a máa gbọ̀n ọ́n láìnídìí, ohun kékeré a máa bí i nínú débi pé ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, nígbà mìíràn a sì máa sọ pé ó sàn kí òun kú. Bí nǹkan oṣù bá ti dé báyìí, láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ojú rẹ̀ a là, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ gbogbo ẹni tí ó ti bá jà. Lẹ́yìn ìjà kan, ọ̀gá tí ń bójú tó ṣíífìtì wọn ní kí ó máa lọ sílé, kí ó má padà wá mọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ìwà ni. Wòlíì kan ní ẹyẹ ni. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó lọ bá fún ìtọ́jú ní ibà ni, ó sì fún un ní oògùn ibà.

Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ó bi í pé, ọjọ́ wo ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè náà kò ṣòro, ṣùgbọ́n èdè wa kò ràn wá lọ́wọ́ láti bi í. A ní nǹkan oṣù, a ní àṣẹ́. Bí ó bá dáwọ́ dúró lára ọ̀dọ́bìnrin, a mọ ohun tí ó yẹ kí a fura sí. Bí inú bá ń run ún, a mọ àgbo tí a ó sè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń pe òṣùpá tí ó lé lójú ọ̀run àti ọgbọ̀n ọjọ́ tí a kà, èyí tí ó fi hàn pé kíkà kò ṣàjèjì sí àwọn ìyá wa. Síbẹ̀, àwọn ọjọ́ tí ó ṣáájú ẹ̀jẹ̀ kò ní orúkọ. Mo rò pé ìdí kan wà fún un. Èèwọ̀ ni ó ń sàmì sí ọjọ́ láyé àtijọ́: obìnrin tí ó ń ṣe àṣẹ́ kì í fọwọ́ kan àwọn oògùn kan, kì í sì í wọ ojúbọ kan. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dé ni èèwọ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ní ti obìnrin tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọjọ́ tí èèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ara tù ú. Ọ̀sẹ̀ tí ó ń jìyà kò ní àmì kankan lójú ẹnikẹ́ni, ìgbà tí ó ń bọ́ nínú rẹ̀ ni gbogbo ilé tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é.

Ohun tí kò bá lórúkọ, orúkọ ohun mìíràn ni a ń fi pè é. Onínúfùfù, oníjà, ẹlẹ́kún, abìwàkuwà: ẹ wò ó pé ènìyàn ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí, kò sí èyí tí ó tọ́ka sí ìgbà. Àwa Yorùbá kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ìwà ṣeré. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé fún wa nínú iṣẹ́ tí ó ṣe lórí ìwàpẹ̀lẹ́, tí ó jáde ní 1975, pé nínú Ifá, obìnrin ni Ìwà, aya Ọ̀rúnmìlà sì ni. Ọ̀rúnmìlà kò fara mọ́ ìṣe rẹ̀, ó lé e jáde. Nígbà tí nǹkan dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó wá ń wá a kiri. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ìtàn yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ìwà ṣe pàtàkì ju ọrọ̀ lọ. Bí ọjọ́ orí mi ti ń pọ̀ sí i, ohun mìíràn ni ó ń dá mi dúró níbẹ̀: a lé obìnrin kan nítorí ìṣe rẹ̀, bí a sì ti sábà ń sọ ìtàn náà, a kì í béèrè ohun tí ó ń ṣe é. N kò wí pé àìsàn ni ó ń ṣe Ìwà o. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e kiri pé mo wí bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹyẹ tí wòlíì dárúkọ, ilẹ̀ Ọ̀tà ni a wà, ọ̀rọ̀ náà wúwo níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Nínú àwọn ẹsẹ Ifá tí Pierre Verger tẹ̀ jáde ní 1965, orúkọ Ọ̀tà hàn mọ́ ti àwọn ẹlẹ́yẹ. Àwọn baba wa ní ọ̀nà ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń gbà bá agbára yìí lò: Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni, tí a fi ń ṣe àwọn ìyá ní pẹ̀lẹ́, tí UNESCO sì kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ogún fún gbogbo aráyé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní ọ̀wọ̀ nínú. Ní ìparí 1950, àwọn Àtíńgà gba ilẹ̀ Dàhòmì wọ ìhà ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń mú àwọn obìnrin ní àjẹ́, wọ́n ń fi adìẹ dán wọn wò, títí ìjọba fi fòfin dè wọ́n ní 1951. Peter Morton-Williams kọ ìtàn náà ní 1956. Àgbàlagbà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a mú, kì í ṣe ẹni tí ó ń ṣe nǹkan oṣù mọ́. Nítorí náà, n kò kà wọ́n mọ́ àwọn tí irú àìsàn yìí ń ṣe. Ohun tí ó kàn wá ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́wọ́. Ọmọ àbúrò ìyá mi sọ fún mi pé òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́wọ́ fún wòlíì. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé nǹkan kan ń wọ̀ mí lára lóṣooṣù. Orúkọ tí wọ́n fún un nìkan ni mo mọ̀.”

Kí a má rò pé àwọn òyìnbó tètè rí i. Ní 1931 ni Robert Frank, oníṣègùn àrùn obìnrin ní New York, kọ̀wé lórí ìnira tí ó ń ṣáájú nǹkan oṣù, ó sì ń wá ìdí rẹ̀ nínú họ́mọ́ọ̀nù. Ní ọdún yẹn kan náà, Karen Horney kọ̀wé lórí rẹ̀ ní èdè Jámánì, òun ń wá a nínú ọkàn. Ní 1953, Katharina Dalton àti Raymond Greene gbé tiwọn jáde ní ìlú Òyìnbó. (Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìtàn àròsọ, ẹ̀gbọ́n Graham Greene ni Raymond yìí.) Dalton gbà pé àìtó progesterone ni ó fà á, ó sì ń fi ṣe ìwòsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n àwọn àyẹ̀wò tí a ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò gbè é lẹ́sẹ̀. Ní 1980 àti 1981, ó dúró nílé ẹjọ́ nítorí àwọn obìnrin méjì tí wọ́n pa ènìyàn, ilé ẹjọ́ sì dín ẹ̀bi wọn kù. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti di ti gbogbo ayé, ibẹ̀ náà sì ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjà náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣègùn Ọpọlọ ti Amẹ́ríkà fẹ́ fi àìsàn yìí sínú ìwé atọ́nà wọn ní 1987, àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé kan dìde pé bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé àṣẹ́ ń ba orí obìnrin jẹ́, ta ni yóò gbà á sí iṣẹ́, ta ni yóò fi í jẹ adájọ́? Emily Martin, nínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún náà, tọ́ka sí i pé àkókò tí iṣẹ́ wọ́n ní Amẹ́ríkà ni Frank kọ ìwé tirẹ̀. Nígbà tí ogun dé tí a nílò obìnrin ní ilé iṣẹ́, àwọn olùwádìí rí i pé nǹkan oṣù kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí ogun parí, àìsàn náà tún padà. Mo gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ dé ibì kan. Ẹni tí ó bá ti dúró ní ẹnu géètì ilé iṣẹ́ ní Ọ̀tà ní àárọ̀ kùtù, tí ó rí bí a ti ń yan òṣìṣẹ́, kò ní ṣiyèméjì pé a lè fi orúkọ àìsàn lé obìnrin dànù. Ṣùgbọ́n a lé ìbátan mi dànù láìsí orúkọ àìsàn kankan. Ìwà ni a fi lé e.

Àfikún ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n fi orúkọ náà sí ní 1987. Ní 1994, wọ́n yí i padà sí èyí tí àwọn oníṣègùn ń fi lẹ́tà mẹ́rin pè, PMDD, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìwé náà ni ó ṣì wà. Ní 2013 ni ó wọ inú ìwé gan-an, ní 2019 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fi í sínú ìwé tirẹ̀.

Ohun tí ó yí ọkàn tèmi padà ni àyẹ̀wò kan tí Peter Schmidt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1998. Wọ́n lo oògùn tí ń mú kí ilé ẹyin sinmi fún àwọn obìnrin tí ìnira yìí ń ṣe. Ara ọ̀pọ̀ nínú wọn yá. Wọ́n wá fún àwọn tí ara wọn yá ní estrogen tàbí progesterone ní ìwọ̀n tí ó wà lára obìnrin gbogbo: ìnira náà padà. Wọ́n ṣe bákan náà fún àwọn obìnrin tí kò ní àìsàn náà, kò sí ohun tí ó ṣe wọ́n. Họ́mọ́ọ̀nù wọn kò pọ̀ jù, kò sì kéré jù. Bí ọpọlọ ti ń gbà á ni ó yàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ fún aláìsàn pé “gbogbo obìnrin ni ó ń ṣe nǹkan oṣù, kí ló dé tí tìrẹ yàtọ̀?” ti fẹnu ara rẹ̀ sọ òtítọ́ láìmọ̀.

Àwọn oníṣègùn kì í sì í fi orúkọ náà fún gbogbo ẹni tí inú ń bí. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé àmì márùn-ún, ó kéré tán, ń hàn ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti ọkàn: ìbínú, ìbànújẹ́, àìbalẹ̀ ọkàn, tàbí kí ọkàn máa yí bírí. Ó gbọ́dọ̀ máa dẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá dé, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, kí ó sì ba iṣẹ́ tàbí àárín òun àti àwọn ènìyàn jẹ́. Aláìsàn yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún oṣù méjì kí a tó gbà pé òun ni. Ẹ ò rí i pé kàlẹ́ńdà ni a fi ń dá a mọ̀?

Àìsàn òyìnbó nìkan kọ́. Adéwùyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 410 wò ní yunifásítì Nàìjíríà, wọ́n gbé e jáde ní 2008: ìdá 6.1 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ní PMDD ń ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn wọ̀nyí, tí wọ́n lè ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ ara wọn bí ó bá dé. Òṣìṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ti 1974 fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún, pẹ̀lú owó, fún àìsàn tí dókítà bá fọwọ́ sí. Ẹ pín in sí oṣù 12: ọjọ́ kan lóṣù ni, fún àìsàn tí ó ń gba ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí ó ń ṣe kásúà kì í sì í rí ọjọ́ kan náà gbà. Ní Zambia, òfin fún obìnrin ní ọjọ́ ìsinmi kan lóṣù láìjẹ́ pé ó mú ìwé dókítà wá.

Ojú irin tí ó gba Ìjòkó kọjá ni ó lọ sí Abẹ́òkúta, ibẹ̀ sì ni Arò wà, níbi tí Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé rẹ̀ ní 1954, tí aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ìbátan rẹ̀, tí ó sì ń lọ gba ìtọ́jú lójúmọ́. Lámbò mọ̀ pé ẹni tí ó ń bá aláìsàn gbé ń rí ohun tí dókítà kò lè rí. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ ni èmi náà ní kí ìbátan mi lọ. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní òun kì í ṣe wèrè. N kò lè bá a wí. Títí di oṣù kìíní 2023, tí a buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, òfin wèrè tí a jogún láti ayé àwọn amúnisìn ni ó ṣì ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ náà ní orílẹ̀-èdè yìí.

Nígbà tí ó lọ, wọn kò fún un ní oògùn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí ó lọ máa sàmì sí kàlẹ́ńdà. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ni ó lò, bírò pupa fún ọjọ́ tí kò dára, búlúù fún ọjọ́ ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó tẹ́ ẹ síwájú ọkọ rẹ̀: pupa ọjọ́ mẹ́fà, búlúù, lẹ́yìn náà funfun gbalaja, oṣù kejì, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọkọ náà wò ó pẹ́. Oògùn tí wọ́n fún un lẹ́yìn náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí a ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn; irú rẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó ṣiṣẹ́ fún PMDD, àwọn mìíràn sì ń lò ó ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ó ṣáájú nǹkan oṣù nìkan. Kò mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó mú ọ̀rọ̀ ikú kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Iṣẹ́ ti ilé iṣẹ́ náà kò padà. Aṣọ ọmọdé ni ó ń rán báyìí níwájú ilé wọn ní Ìjòkó. Kàlẹ́ńdà tuntun wà lára ògiri lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ni ó sì ń sàmì sí i, nítorí pé obìnrin náà ní, nígbà tí ọjọ́ pupa bá dé, òun kì í rántí ibi tí òun fi bírò sí.