Láti Ọwọ́ Wolé-wolé Dé Ọwọ́ Wa: Ìtàn Tó Yẹ Ká Mọ̀ Ká Tó Kọ CV fún Iṣẹ́ Ìlera Ìlú

Bí ìsinmi bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wà lẹ́nu wa: níbo la ó ti lọ kọ́ṣẹ́? Àwọn tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ètò IT tiwọn, èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1973. Ní ti àwa ọmọ Yorùbá, kálukú ló ń wá ọ̀nà ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í tilẹ̀ rò pé ilé ìlera alábọ́dé tó wà nítòsí, ìbáà ṣe ní Ìjàn-Èkìtì, ìbáà ṣe ní Adó, jẹ́ ibi tí a lè kọ̀wé sí. Bí ẹnìkan bá dá a lábàá, èsì tó máa ń gbọ́ ni pé, "Kí lọmọ Yorùbá fẹ́ lọ ṣe nílé ìwòsàn? Kí lo fẹ́ kọ sínú CV rẹ?"

Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n inú ìtàn ni èsì rẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká tọpa iṣẹ́ ìlera ìlú nílẹ̀ Yorùbá díẹ̀, ká wo irú ẹni tí wọ́n ń gbà síṣẹ́ náà láti ìgbà dé ìgbà, àti ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ pé iṣẹ́ náà tọ́ sí i.

Kí ìwé-ẹ̀rí tó dé

Agbẹ̀bí àtijọ́ kò kọ CV. Olóólà kò kọ ọ́, oníṣègùn náà kò sì kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ ìṣègùn yóò lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, yóò máa já ewé, yóò máa wa egbò, yóò máa gún àgúnmu, títí ọ̀gá yóò fi yọ̀ǹda rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìyá tó gbóhùn ìyá tó gbóhùn ọmọ ni ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Bí àlejò bá béèrè pé ta ni ó mọ iṣẹ́ yìí jù, ará àdúgbò ní í dáhùn, kì í ṣe oníṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni oríkì rí: ẹlòmíràn ló sábà máa ń ki ni. Bóyá ìdí nìyí tí ọwọ́ wa fi máa ń wúwo nígbà tí a bá jókòó láti kọ ohun rere nípa ara wa.

Ayé wolé-wolé

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé, iṣẹ́ ìlera ìlú di iṣẹ́ oníwèé-ẹ̀rí. Àwọn tí àwọn bàbá wa mọ̀ jù nínú wọn ni wolé-wolé. Wọn a wọ agboolé, wọn a ṣí ìkòkò àmù wò bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀, wọn a yẹ ṣáláńgá àti ààtàn wò. Ẹni tí wọ́n bá bá tanwíjí nínú omi rẹ̀ lè dé kóòtù.

Ní Èkó, orúkọ tí a kò lè fò nínú ìtàn yìí ni Dókítà Isaac Ladipo Oluwole (1892–1953), tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Glasgow. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń kó ran ènìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, òun wà lára àwọn tó dojú kọ ọ́. Ó tún ètò àwọn wolé-wolé tò, ó mú ìtọ́jú ìlera wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, ó sì di ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá ìlera ìlú ní Èkó. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, ẹ wo orúkọ tí àwọn ènìyàn fún àwọn òṣìṣẹ́ náà. Wọn kò pè wọ́n ní awonisàn tàbí olùtọ́jú. Ẹni tó ń wo ilé onílé ni wọ́n pè wọ́n. Òfin wà lọ́wọ́ wolé-wolé, ìwé-ẹ̀rí wà lápò rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbúròó rẹ̀ lókèèrè, àwọn onílé a sáré da omi àmù nù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé

Àwa ọmọ Èkìtì mọ Ìmẹ̀sí-Ilé nítorí ogun Kírìjì àti àdéhùn àlàáfíà 1886. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé ìlú náà tún wà nínú ìwé àwọn dókítà káàkiri ayé.

Ní 1956, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley (1923–2009), dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ó rí i pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ń kú nítorí àrùn tí kò yẹ kó pa wọ́n: ìgbẹ́ gbuuru, ibà, àìjẹunre-kánú, àti measles tí àwọn àgbà ń pè ní èéyi. Nígbà tí wọ́n bá fi máa gbé ọmọ dé Iléṣà, ó ti pẹ́ jù. Nítorí náà, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé ìtọ́jú lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n dá kíníìkì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, kì í ṣe dókítà.

Níbẹ̀ ni káàdì ìdàgbàsókè ọmọ ti gbilẹ̀, èyí tí wọ́n sọ ní ọ̀nà sí ìlera. Wọn a wọn ọmọ lóṣooṣù, wọn a fi àmì sí ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ dé, wọn a so àmì pọ̀ mọ́ àmì. Bí ìlà bá ń gòkè, ara ọmọ ń le. Bó bá dúró sójú kan tàbí tó ń lọ sísàlẹ̀, ẹ tètè wá nǹkan ṣe. Àyè tún wà lórí káàdì náà fún ìdí tí ọmọ kan fi nílò àmójútó ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun tó sì ya àwọn kan lẹ́nu nígbà náà ni pé ọwọ́ ìyá ni káàdì ń wà, kì í ṣe ọwọ́ ilé ìwòsàn. Ìyá tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lè rí ìlà tó ń gòkè, ó sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn olùwádìí fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé Òkèmẹ̀sí, ìlú tiwa níhìn-ín ní Èkìtì, tí kò ní irú kíníìkì bẹ́ẹ̀. Ọmọdé tó ń kú ní Ìmẹ̀sí kéré sí ti Òkèmẹ̀sí. Ìlú méjì tí wọ́n jẹ́ ìbátan, tí wọ́n ń jẹ iyán kan náà ni. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló gba irú káàdì náà lò lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Àrò, Ìgbò-Ọrà àti ìgbà Ransome-Kuti

Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta. Àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé ń gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn, wọ́n ń gba ìtọ́jú, a sì rí oníṣègùn ìbílẹ̀ lára àwọn tí Lambo bá ṣiṣẹ́. Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn dá ètò ìlera Ìbàràpá sílẹ̀, wọ́n sì ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé ní Ìgbò-Ọrà láti kọ́ bí àìsàn ṣe rí nínú ilé, kó tó di ohun tó ń bọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá ń wá baba ìkọ́ṣẹ́ ìlera ìlú nílẹ̀ Yorùbá, ẹ wo ibẹ̀.

Ní 1978, ìpàdé àgbáyé kan ní Alma-Ata fi ètò ìlera alábọ́dé ṣe ìpìlẹ̀ ìlera fún gbogbo ènìyàn. Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé tó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, ló gbé e kalẹ̀ ní Nàìjíríà gidi. Ìjọba ìbílẹ̀ 52 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe àwòkọ́ṣe ní 1986. Nínú ètò náà, ará abúlé fúnra wọn ló ń yan òṣìṣẹ́ ìlera abúlé tí wọ́n máa dá lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ tún padà sọ́dọ̀ ará àdúgbò? Àwọn tí a ń pè ní CHEW, tí a ń kọ́ níbi bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlera tó wà ní Ìjerò-Èkìtì, ló di òpó ilé ìlera wa.

Lọ́dún 2014, nígbà tí Ẹbólà wọ Nàìjíríà, ènìyàn 894 tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fara kan aláìsàn ni wọ́n tọpa, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n wò ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Ènìyàn 20 ló ní àrùn náà, 8 kú. Ẹ rò ó wò: ìgbà 18,500 ni ẹnìkan kan ilẹ̀kùn tó sọ pé "Ẹ ńlẹ́ o," tí onílé sì ní láti pinnu bóyá òun máa ṣí i.

Kí wá ni ká kọ?

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé ìwé-ẹ̀rí ń mú ni dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń mú ni wọlé. Ibẹ̀ ni ọmọ Yorùbá ti wúlò. Ìyá kan lè sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ló ń ṣe ọmọ òun. Bí akọ̀wé bá sáré kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì sí jẹ̀díjẹ̀dì ìdí yíyọ, ó lè ṣi dókítà lọ́nà, nítorí ọ̀rọ̀ náà gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó mọ èdè yóò béèrè sí i: ṣé inú ló ń run ún ni, àbí ó ń ya ẹ̀jẹ̀? Bákan náà ni ìyá àgbà tó ń pe ilé ní "ulé" yóò túra ká fún ẹni tó gbọ́ Èkìtì.

Ṣùgbọ́n "Mo gbọ́ Yorùbá dáadáa" nìkan kò tó nínú CV. Ó dà bí káàdì ọmọ tí wọn kò fi àmì kankan sí. Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe, ibi tí ẹ ti ṣe é, ìgbà tí ẹ ṣe é, àti ohun tó tìdí rẹ̀ yọ. Bí ẹ bá ti túmọ̀ ìwé pélébé lórí ibà rí, ẹ sọ ojú ìwé mélòó ni, ẹ sì sọ àwọn tí ẹ kà á fún. Bí ẹ bá ti gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ẹ sọ iye ènìyàn tí ẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò àti bí ẹ ṣe pa àṣírí wọn mọ́, torí àṣírí aláìsàn ṣe pàtàkì níbi tí ẹ ń lọ. Ẹ kọ ọ́ ṣókí, kó má ju ojú ìwé méjì lọ. Fún àwọn tó máa jẹ́rìí yín, ẹ mú ẹni tó rí yín lẹ́nu iṣẹ́ lóòótọ́, kí ẹ sì tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀. Àwọn ni ará àdúgbò tó máa bá agbẹ̀bí dáhùn láyé àtijọ́.

Ẹ má sì purọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Nínú iṣẹ́ ìlera, ọjọ́ kan yẹn lè jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ lé ọ lọ́wọ́. Bí ẹ kò bá mọ abẹ́rẹ́ fún, ẹ má kọ ọ́. Ẹ kọ pé ẹ mọ bí a ṣe ń kí onílé, bí a ṣe ń tẹ́tí, àti bí a ṣe ń kọ ohun tí a gbọ́ sílẹ̀ láìyí i padà. Ilé ìlera tó bá mọ ohun tó ń ṣe á mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni.