Ibi Ọmọ Séálì àti Oyún Tí Kò Dúró

Aristotle, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ pé séálì, ẹran onírun tó ń fi lẹbẹ wẹ̀ nínú òkun, a máa gun etíkun bímọ, ibi ọmọ rẹ̀ a sì jáde bíi ti àgùntàn. Òótọ́ ni pé ibi ọmọ ń jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí ibi àgùntàn rí mọ̀ pé ó dà bí bọ́tìnnì tí wọ́n tò káàkiri ara aṣọ. Ọ̀já ni ti séálì. Ó yí ọmọ po láàárín gbùngbùn, gẹ́gẹ́ bíi ti ajá àti ológbò.

Nínú ọ̀já yìí, ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ kì í pàdé. Ibi ọmọ ti jẹ awọ inú ilé ọmọ wọlé, ṣùgbọ́n ó dúró síbi ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ìyá, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Etí ọ̀já nìkan ni ẹ̀jẹ̀ ìyá ti ń jò síta, ibẹ̀ sì ni ibi ọmọ ti ń rí irin tí ọmọ yóò fi ṣe ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Emmanuel Amoroso wà lára àwọn tó la irú ìmọ̀ yìí yé ayé. Port of Spain ní Trinidad ni wọ́n ti bí i, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Royal Veterinary College ní London. Iṣẹ́ ńlá tó kọ nípa ibi ọmọ oríṣiríṣi ẹranko jáde ní 1952.

Kí ibi ọmọ tó hù rárá ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí séálì bá bímọ tán ló ń gba akọ. Ọlẹ̀ tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ lójú ẹsẹ̀. Á máa léfòó níbẹ̀ fún bí oṣù méjì sí mẹ́rin. Ìdúró yìí ló ń jẹ́ kí ìbímọ bọ́ sí àsìkò kan náà lọ́dọọdún.

Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń bá òkú ọmọ tí oṣù wọn kò pé lórí iyanrìn erékùṣù San Miguel ní California. Kìnnìún òkun, ìbátan séálì tí etí rẹ̀ yọ síta, ló bí wọn. Onímọ̀ Robert DeLong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní 1973 pé DDT, oògùn apakòkòrò, àti kẹ́míkà PCB inú ara àwọn ìyá wọ̀nyí àti ọmọ wọn tó ìlọ́po méjì sí mẹ́jọ ti àwọn tí oṣù wọn pé. Àmọ́ wọ́n tún rí kòkòrò àrùn lára àwọn ẹran náà, ẹjọ́ kò sì já sí ibì kan.

Ti òkun Baltic ló dùn mí jù. PCB ni òróró tí wọ́n máa ń dà sínú tàràńsífọ́mà iná tẹ́lẹ̀. Sören Jensen ló dá a mọ̀ lára ẹja àti ẹyẹ idì ní Sweden ní 1966. Ilé ọmọ séálì ní ìwo méjì, ọmọ kan ṣoṣo ló sì ń gbé inú ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí Eero Helle ará Finland la ilé ọmọ àwọn séálì apá àríwá Baltic, ó bá ọ̀pọ̀ tí ìwo wọn ti dí pa. Nínú abo mẹ́wàá tó ti tó bí, bíi mẹ́ta ló lóyún, níbi tó yẹ kí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lóyún. Òun, Jensen àti Mats Olsson fi hàn ní 1976 pé lára àwọn tí ìwo wọn dí ni PCB pọ̀ sí jù.

Ṣé PCB ló fà á lóòótọ́? Ní etíkun Wadden ní Netherlands, séálì ti dín kù láti iye tó ju 3,000 lọ ní 1950 sí iye tí kò tó 500 ní 1975. Onímọ̀ kan, Peter Reijnders, kó abo 24 jọ ní erékùṣù Texel, ó pín wọn sí méjì. Ó ń fún 12 ní ẹja Wadden jẹ, ó ń fún 12 yòókù ní ẹja Àtìláńtíìkì tó mọ́ jù ú lọ. Oyún dúró lára mẹ́wàá nínú àwọn tó jẹ ẹja Àtìláńtíìkì. Nínú àwọn tó jẹ ẹja Wadden, mẹ́rin péré ni. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gbà lára wọn fi hàn pé ìgbà tó yẹ kí ọlẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ gan-an ni nǹkan ń bàjẹ́. Ọ̀já náà kò tilẹ̀ ráyè hù. Ìwé ìròyìn Nature tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1986, láti ìgbà náà ni kò ti ṣeé ṣe mọ́ láti sọ pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni.

Kẹ́míkà nìkan kọ́ o. Ní 2010, ní erékùṣù St Paul ní Alaska, àwọn onímọ̀ ṣa ibi ọmọ séálì nílẹ̀ etíkun, wọ́n sì bá Coxiella burnetii nínú ọ̀pọ̀ wọn, kòkòrò kan náà tó ń ba oyún ewúrẹ́ àti àgùntàn jẹ́.

Ebi náà wà níbẹ̀. Oṣù kọkànlá sí ìkejìlá ni séálì etíkun Namibia ń bímọ. Ní oṣù kẹwàá 2020, ní Pelican Point lẹ́bàá Walvis Bay, òkú ọlẹ̀ tẹ́ ilẹ̀ káàkiri. Wọ́n fojú bù ú pé abo 5,000 sí 7,000 ni oyún ti wálẹ̀ lára wọn. Àwọn abo tó kú síbẹ̀ ti rù hangogo, ọ̀rá díẹ̀ ló ṣẹ́ kù lábẹ́ awọ wọn.