Ta ló ni búrẹ́dì Agége? 🧵

1/ Ọmọ, ẹ jókòó, ìtàn oúnjẹ àárọ̀ la fẹ́ sọ lónìí.

Ibì kan wà ní Èbúté Mẹ́ta tí mo ti máa ń jẹun láràárọ̀ Sátidé. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò oúnjẹ o. Bẹ́ǹṣì méjì, tábìlì kan, ìkòkò ẹ̀wà ńlá, ata tó dúdú mìnìjọ̀, àti búrẹ́dì Agége tó ṣì ń gbóná nínú ọ̀rá. Ọmọbìnrin kan ń dín puff-puff lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

2/ Sátidé tó kọjá, bọ̀dá kan tó jókòó sí ọ̀kánkán mi ṣàdédé bẹ̀rẹ̀: "Àlejò ti pọ̀ jù l'Ékòó yìí. Kí kálukú máa lọ sí ìlú ẹ̀ jàre!"

Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń fi búrẹ́dì nu ata ẹ̀wà. Mo wo àwo ẹ̀, ẹ̀rín pa mí. Torí tí àlejò bá kó ẹrù ẹ̀ kúrò lórí àwo yẹn, kí ló máa kù?

3/ Ẹ jẹ́ ká ti ibi búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀. Ní 1913, ará Jàmáíkà kan tó ń jẹ́ Amos Shackleford dé sí Nàìjíríà láti wá ṣiṣẹ́ rélùwéè. Nígbà tó yá, ó fi iṣẹ́ rélùwéè sílẹ̀. Ní 1921, ó dá békírì sílẹ̀. Níbo? Èbúté Mẹ́ta níbí! Búrẹ́dì ẹ̀ tà débi pé wọ́n ń pè é ní Ọba Búrẹ́dì.

4/ Kí ló ṣe tó yàtọ̀? Ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ onírin róbótó méjì tí wọ́n máa ń ki fúláwà pípò sí láàárín. Á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ká a, á tún tẹ̀ ẹ́, títí á fi máa dán.

Ìdí nìyẹn tí búrẹ́dì Agége fi ki, tó rọ̀, tó sì ń fà. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi búrẹ́dì tó ń rún wómúwómú kó ẹ̀wà, ẹ máa rí i pé ẹnu kọ́ ló máa balẹ̀ sí.

5/ Báwo ló wá ṣe di ti Agége? Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ náà dá békírì tiwọn sílẹ̀, iṣẹ́ náà sì tàn káàkiri. Ojú irin tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, tó sì dé Ìbàdàn ní 1901, Agége ló gbà kọjá. Wọ́n ń ṣe búrẹ́dì níbẹ̀, àwọn tó ń kiri ń gbé e tọ èrò ọkọ̀ lọ. Orúkọ ìlú bá mọ́ búrẹ́dì lára.

Shackleford kú ní 1954. Lónìí, ẹ béèrè orúkọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni mẹ́wàá lójú pópó, ẹ ó rí i bí wọ́n á ṣe máa wò yín.

6/ Ó yá, ẹ̀wà ńkọ́? Orúkọ ẹ̀ ti sọ ọ́: ẹ̀wà Àgànyìn. Orúkọ tí àwa ń pe àwọn ènìyàn tó wá láti ọ̀nà Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò nìyẹn. Àwọn obìnrin wọn ló gbé e wá: ẹ̀wà tó rọ̀ jọ́bọ́jọ́bọ́, tí ata ẹ̀ máa ń dá wà lọ́tọ̀, ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà tí wọ́n dín pẹ́ nínú epo pupa títí tó fi dúdú.

7/ Fúláwà gan-an ńkọ́? Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà wa ti ń wá. Ní 1987, ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má kó o wọlé mọ́. Búrẹ́dì wá gbówó lórí. Ní 1992, wọ́n ká òfin náà kúrò. Ẹ̀yin náà sì rántí 2022, tí ogun Ukraine tún gbé owó àlìkámà sókè lágbàáyé.

8/ Ṣé àwa kàn ń gbà nìkan ni? Rárá o. Ẹ lọ sí Salvador ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil. Àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun ń dín acarajé lẹ́bàá títì. Ẹ pè é sókè: àkàrà, jẹ. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa ló gbé e débẹ̀. Ní 2005, ìjọba Brazil fọwọ́ sí iṣẹ́ àwọn obìnrin yẹn gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà orílẹ̀-èdè wọn. Àkàrà wa ti di ọmọ onílé níbẹ̀.

9/ Mi ò sọ pé búrẹ́dì Agége kì í ṣe tiwa o. Tiwa ni! Àwọn tó kọ́ṣẹ́, àwọn tó jí ní òru dáná, àwọn tó ru ú kiri, gbogbo wọn ló sọ ọ́ di tiwa. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹnì kan ló gbé e dé, a ò sì lé e.

10/ Ẹ padà sọ́dọ̀ bọ̀dá wa. Mo ti ń palẹ̀ mọ́ láti fọhùn, àmọ́ Ìyá ẹlẹ́wà ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè nínú ìkòkò:

"Bọ̀dá, Kútọnu ni ìyá tó bí ìyá mi ti wá ta ẹ̀wà níbí. Ṣé kí n gbé ìkòkò mi padà ni, àbí kí n bù sí i fún yín?"

Bẹ́ǹṣì dákẹ́ lọ lọ lọ. Bọ̀dá rọra na àwo. "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ bu ti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sí i."

11/ Kí lẹ máa ń jẹ láàárọ̀ ládùúgbò yín, ta ló sì kọ́kọ́ gbé e débẹ̀? Ẹ bi ìyá tó ń tà á fún yín, kí ẹ wá sọ fún wa lábẹ́ ibí. Ẹ ra ọjà wọn kẹ́ ẹ tó béèrè o. 😂